Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ìyá alágàrí tí kò jẹ́ ká purọ́ mọ́ èṣù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gàrí, nítorí gàrí ni mo bá lọ sí ìsọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yòókù ló wá bá mi níbẹ̀.

Gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń tà, gàrí Ìjẹ̀bú gidi. Mo sọ "gidi" nítorí gbogbo ayé ló ti ń fi orúkọ wa ta ọjà. Ẹ dé Ìkòròdú, ẹ dé Mushin, wọ́n á ní gàrí Ìjẹ̀bú rèé. Ẹ bù ú sẹ́nu, kò kan, kò kúnná, àfi bíi pé iyanrìn lẹ ń jẹ. Èyí tí ìyá yìí ń tà kúnná, ó gbẹ, ó sì kan dé ibi tó yẹ kó kan dé. Tí wọ́n bá ń dà á sínú abọ́, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Tí ẹ bá bomi tútù sí i, kì í sáré wú. Á rọra jókòó sísàlẹ̀ omi, ẹ ó máa fi ẹ̀pà tàbí ẹja díndín gbè é, títí ẹ ó fi kan ìdí abọ́ ni á ṣì máa dún lẹ́nu yín. Wọ́n ní ẹbà rẹ̀ náà dára. Èmi ò mọ ohun tí èèyàn fẹ́ gbé irú gàrí yìí lọ ṣe nínú omi gbígbóná. Ọkọ mi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ń ra ẹ̀gẹ́. Mo ti bá a dé ibi tí wọ́n ti ń yan án rí. Tí wọ́n bá bó o, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ìgbà mìíràn márùn-ún, kó kan, kí omi rẹ̀ ro, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó gbé agbada kaná. Ẹ̀gẹ́ ní oró nínú. Lílọ̀, kíkan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ló ń lé oró yẹn kúrò. Ẹni tó bá dín ọjọ́ kù kí ọjà lè tètè jáde, oníbàárà ò ní fojú rí i, ikùn rẹ̀ ló máa mọ̀. Ìyá yìí kò dín ọjọ́ kù rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó dín kù ni mo fẹ́ sọ.

Télọ̀ ni mí. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá 2025 tó dé, àsìkò tí orí gbogbo wa máa ń gbóná, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àwa Ìjẹ̀bú, tó fẹ́ wọ aṣọ èṣí, mo rán ọmọ ọmọ mi lọ ra kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ ìyá yìí, kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ike ńlá onídérí kan wà nílé mi tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ fa ìlà sí lára tipẹ́. Kóńgò mẹ́wàá ìyá alágàrí máa ń dé ìlà yẹn gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó ku ìka mẹ́ta.

Ta ni mo mú? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní òun ló bù ú mu lọ́nà. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kó má purọ́. Ó búra. Mo ní kó má búra, pé èṣù ló ń lò ó. Ó sunkún títí ó fi sùn, èmi náà sì padà sídìí máṣíìnì mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé gàrí délé. Ìka mẹ́ta yẹn náà ló kù.

Teèpù mi kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo gbé e bẹ́ẹ̀, mo padà sí ìsọ̀. Ìyá ti jáde, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bá. Mo gba kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹnu dé ìsàlẹ̀: íǹṣì mẹ́fà. Mo ki teèpù bọnú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín: íǹṣì márùn-ún. Mo wá dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Tó bá wà nílẹ̀, ẹ ò lè mọ̀; tí gàrí bá wà nínú rẹ̀, ẹ ò lè rí i, pàápàá tí wọ́n bá tún bá yín kó o lé lórí tó rí ṣóńṣó, tí ẹ ń dúpẹ́. Nínú kóńgò mẹ́wàá, ohun tí wọn ò gbé fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulẹ̀. Ìdí kóńgò burúkú, ní tirẹ̀, a máa wú.

Ọmọ iṣẹ́ ní, "Ẹ má bínú Mà, bí gbogbo ọjà ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ọkùnrin tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Màmá, iṣẹ́ èṣù ni, ẹ fi sùúrù sí i." Obìnrin kan tó ń kọjá, tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ní kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, a ti pín ẹ̀ṣẹ̀ yẹn fún ọjà, fún èṣù àti fún Ọlọ́run, kò sì tíì kan ẹni tó ni kóńgò.

Ẹni tó ni ín sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó rí teèpù lọ́wọ́ mi, ó rí kóńgò tó dojú dé. Mo ti ń tọ́ ohùn mi sọ́nà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá pariwo ní ìsàlẹ̀ ọjà, wọ́n á gbọ́ lókè. Ó gba kóńgò náà, ó jókòó lórí àpò gàrí, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ èṣù. Èmi ni."

Alélùbọ́ ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó ní kó jẹ́ kí òun sọ ọ́.

Ó ní Ọjọ́rú kan ni, oṣù méjì sẹ́yìn. Òun kírun Àsùbáà tán, òun mu ògì. Òun gbé kóńgò tuntun dání, òun rìn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lu páànù. Ọkùnrin yẹn bi òun pé báwo ni òun ṣe fẹ́ kó jìn tó. Ó na ìka ìlábẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò mú un lágbedeméjì. "Ìka mi nìyí, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó jìn tó báyìí. Mo san owó iṣẹ́, ó fún mi ní ṣéńjì, mo kà á." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Oríta mẹ́ta ló wà láàárín ilé mi àti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní oríta lèṣù ń gbé. Mo kọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálọ, mo kọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan."

Ohùn tí mo tọ́ sọ́nà, n kò mọ ibi tó gbà lọ.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní owó ọkọ̀ ni, owó epo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń rìn. Ó ní òun bẹ̀rù pé tí òun bá fowó lé kóńgò, a ó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òótọ́ nìyẹn náà, mo mọ ara mi. Ṣùgbọ́n epo kan náà ni alélùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń rà, ìbẹ̀rù kan náà ló ń bà á, owó ló sì fi lé èlùbọ́ tirẹ̀, gbangba, a bú u, a rà á. Ìyá alágàrí kò sọ pé epo ló lu ìdí kóńgò. Ó sọ ohun tó ń lé e bọ̀, ó wá sọ ibi tí ẹsẹ̀ òun gbà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, n kò sì tíì rí ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀ báyẹn nígbà tí ọwọ́ bà á.

Mo délé, mo sọ fún Alájì mi. Alájì ní kádàrá ni, pé kí wọ́n tó bí ìyá yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́ pé yóò lu kóńgò. Mo ní ó dáa, a jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ náà pé kò ní sí ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ lálẹ́ òní. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kádàrá máa ń yé ọkùnrin yìí dáadáa tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tèṣọ́nnù ọlọ́pàá ló sáré lọ.

Tíṣà àgbà kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni, babaláwo sì ni bàbá tó bí i. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí. Ó ní a tilẹ̀ ti fi orúkọ Èṣù jẹ gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀. Èṣù tí àwọn bàbá wa mọ̀, òun ní í gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ní í dúró ní oríta, á máa wo ẹni tó ṣe rere àti ẹni tó ṣìkà. Ọ̀tọ̀ ni Sàtánì. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Èṣù ni wọ́n fi túmọ̀ orúkọ ọ̀tá yẹn, àwa Mùsùlùmí náà sì gbà á lò. Ó ní láti ìgbà náà ni a ti ní ẹni tí a lè gbé gbogbo ẹrù wa lé lórí, kò sì ní pè wá lẹ́jọ́ ní kootù.

Mo ní àwọn bàbá wa tó mọ Èṣù dáadáa yẹn náà ló ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń dún: à-yàn-mọ́. Ta ló yàn? Ó wá rán mi létí ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì sáré lọ, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí amọ̀ wọn sì ń jẹ dànù. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání, ó fi iyọ̀ kọ́ onílé kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀ lọ́nà, ó bá Àjàlá san gbèsè tó ń lé e kiri. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a mú orí tó jiná. Tíṣà ní ibi tí a ti ń pín kádàrá gan-an, ìwà ló ṣáájú. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn awo á ṣe tú u, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí létí.

Tiwa náà kò kúkú fara pamọ́. Nígbà ààwẹ̀, Alfa wa kà á nínú Súrà Ìbúráhímù, ẹsẹ 22: lọ́jọ́ ìdájọ́, Ṣàítáánì á sọ fún àwọn tó tẹ̀ lé e pé òun ò ní agbára kankan lórí wọn, òun kàn pè wọ́n ni, wọ́n sì dá òun lóhùn; kí wọ́n má bá òun wí, kí wọ́n bá ara wọn wí. Odindi súrà kan, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègún fún àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n kíkún lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ń dín in kù tó bá kan kí wọ́n wọ̀n fún èèyàn. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Alágàrí ni mo máa ń rò pé wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀yin tí mo ti ránṣọ fún rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá ibí yìí.

Àpò kan wà lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ẹ gbé ọ̀pá mẹ́fà wá, aṣọ yín gba márùn-ún, ṣé mo bi yín rí pé kí n ṣe èyí tó kù sí? Àjákù ni mo ń pè é. Àjákù tó tó bùbá ọmọdé! Léèsì rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ọ̀pá kan ààbọ̀. Èmi ni mo ká a, mo ká a dáadáa, mo fi í sísàlẹ̀ pátápátá. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀, mo ní Ọlọ́run ló pèsè é.

Ti NẸ́PÀ wá ńkọ́? Láti 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ yẹn tì, wọ́n sọ ọ́ di PHCN, nígbà tó di 2013 wọ́n tà á fún àwọn aládàáni, ṣùgbọ́n àwa télọ̀ ò lè fi í sílẹ̀, iṣẹ́ tó ń bá wa ṣe pọ̀. "Aṣọ yín ò tíì yá, NẸ́PÀ ni." Jẹnẹrétọ̀ mi wà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ̀ ọ́n, ó ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nígbà tí mo ń purọ́ náà fún un.

Mo pe ọmọ ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kì í ṣe òun ló mu gàrí, mo ti rí ohun tó dín in kù. Ó ní, "Èṣù ò lò mí nígbà yẹn, Màmá?" Mo ní kò lò ó, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ó rò ó títí, ó ní ṣé òun lè wá mu gàrí báyìí. Mo bù ú fún un, mo da mílíìkì sí i.

Léèsì ọ̀pá kan ààbọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Àwọn yòókù tó wà nínú àpò, n kò rántí ẹni tó ni ọ̀pọ̀ wọn mọ́, mo ṣì ń wò wọ́n ni. Lọ́sẹ̀ Iléyá gan-an, oníbàárà kan wá gba aṣọ, n kò tíì kan apá rẹ̀. NẸ́PÀ dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ yín ni mo ti mọ̀ pé n kò ní lè ṣe é tán." Ó wò mí bí ẹni tó rí òkú. Ó ní, "Ẹ ò bá kúkú sọ pé kò síná!" Ó di aṣọ rẹ̀, ó gbé e lọ. Mo rí i ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, ó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá a rán an kò mọ ọrùn rán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìsọ̀, kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ìyá alágàrí fi kóńgò tuntun wọn kóńgò méjì fún mi, mo gbà á. Ó jókòó, ó kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó rántí sínú ìwé kékeré kan, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ti Èkó wá rà, tí wọ́n bá mọ́tò lọ, kò mọ̀ wọ́n. Ó gbé àpò gàrí kan lọ sí ilé kéwú ní orúkọ wọn, ó sì ní kí wọ́n má ṣàdúrà fún òun lórí rẹ̀, torí gàrí náà kì í ṣe ti òun.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a jókòó dáadáa, mo bi í pé ká ní n kò mú teèpù wá ńkọ́? Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ǹ bá ṣì máa fi í wọ̀n." Wọ́n ní gbogbo wa la jọ ń jalè, ẹni ilẹ̀ mọ́ bá ni barawo, ó dáa, ṣùgbọ́n n kò lè fún ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá ní márùn-ún. Ẹni tó bá ní mẹ́rin ti pọ̀ jù, kò gbọ́ bó ṣe sọ "èmi ni" yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gàrí tuntun ń dé. Ẹ má lọ lẹ́yìn agogo mẹ́rin, èyí tó kúnná jù ti tán nìyẹn. Ẹ mú àpò yín dání, ọ̀rá tí wọ́n ń fi dì í fẹ́lẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kóńgò nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó ga ju ti àwọn tó yí i ká lọ, ó sì kọ ọ́ sára páálí kí ẹ tó bi í. Ẹ ó dá ìsọ̀ náà mọ̀: kóńgò tó lu yẹn ni ó so kọ́ sórí ìṣó lókè ilẹ̀kùn, tó dojú dé. Ọkùnrin kan bi í níṣojú mi pé ṣé àwúre ni. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló dá a lóhùn, ó ní rárá, kóńgò Ọjọ́rú ni.

Tí ẹ bá sì fẹ́ wọn tuntun náà wò, teèpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Íǹṣì mẹ́fà lẹ́yìn, íǹṣì mẹ́fà nínú.